Èsì Méjìdínlógún Tí Alhaji Kò Tíì Kà

Obì gbànja kò ṣeé gbàgbé sílé. Bí o bá kó o sínú agbọ̀n, tí o fi ewé bò ó, tí o sì lọ fẹ̀yìn tì, kòkòrò á bá ọ pín in. Yíyí ni wọ́n ń yí i: ti ìsàlẹ̀ á wá sókè, ti òkè á lọ sísàlẹ̀, wọ́n á sì pààrọ̀ ewé. Ogójì ọdún ni Alhaji Yúnúsà ti ń yí obì ní Mákùn, ní Ṣàgámù, agbọ̀n kan kò sì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Àṣà yìí kan náà ló wá ṣe é ní jàǹbá.

Kareemat nìkan ni ọmọ tó bí. Àrùn fòníkú-fọ̀ládìde ló ń bá a jà láti kékeré. Lọ́jọ́ tí egungun bá ń ro ó, orí ibùsùn ló ń wà pẹ̀lú fóònù, géèmù kan ló sì ń bá a gbé ọjọ́ náà lọ. Géèmù ọ̀hún fàyè gba èèyàn láti kọ́ ìpele tirẹ̀, kí àwọn ẹlòmíràn wá máa fò, kí wọ́n máa sá níbẹ̀ títí wọn yóò fi rí ọ̀nà jáde. Kareemat kọ́ ọ̀kan, ó pè é ní Àgbàlá Obì. Ilé bàbá rẹ̀ gan-an ni: agbọ̀n ni wọ́n ń fò, kòkòrò ló ń lé wọn. Ó gbé e sórí ojú ewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn tó ń kọ́ ìpele jọ ń kó iṣẹ́ wọn sí, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Bàbá mi ló ni àgbàlá yìí. Ẹ má fọ́ ọ o."

Kò ju oṣù méjì lọ tó fi kú.

Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́ ni Alhaji gbé fóònù ọmọ rẹ̀, tó sì rí èsì tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ ìpele náà. Mọ́kànlélógójì ni. Ọ̀kan péré ló ń kà lóòjọ́, tó bá ti kírun Àsárì tán. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Kòkòrò kẹta ti pa mí lẹ́ẹ̀mẹwàá, Kareemat, kí ni mo fi ṣe ọ́?" Alhaji rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Baba Kareemat, ẹ ò kúkú kà á tán lẹ́ẹ̀kan?" Sàrátù ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Bí mo bá kà á tán lónìí, kí ni n óò kà lọ́la?"

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tuntun ló ń wà lókè ojú ewé náà. Ti àtijọ́ á máa lọ sísàlẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá, Alhaji fi ìka wọ́ ọ títí kó tó kan Àgbàlá Obì. Ohun tó bá pẹ́ nísàlẹ̀, ìyẹn ló ń bàjẹ́. Ó tún gbé ìpele náà sójú ewé ní tuntun kó lè wà lókè, ti àkọ́kọ́ sì wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú èsì rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tún gbé e. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́.

"Fóònù náà lẹ wá ń yí bí obì?" Sàrátù fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ṣé o rí èyí tó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí?"

Òfin wà lókè ojú ewé náà: ìpele kan, ẹ̀ẹ̀kan, bí o bá tún un ṣe, pa ti àtijọ́ rẹ́. Alhaji kò kà á. Ọláwálé, olùkọ́ ìṣirò kan ní Ìkẹ́nnẹ́, ló ń tún ojú ewé náà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ó rí Àgbàlá Obì méjìlá, àwọn èèyàn sì ń kùn pé ó ti ti iṣẹ́ àwọn sísàlẹ̀. Ó kọ̀wé sí Kareemat lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé náà wọ ibi tí Alhaji kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí. Ọláwálé bá ṣe bó ti máa ń ṣe. Ó fi tuntun sílẹ̀, ó pa mọ́kànlá yòókù rẹ́. Ti àkọ́kọ́ bá wọn lọ, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Kareemat àti èsì mọ́kànlélógójì. Mẹ́tàlélógún péré ni Alhaji ti kà nínú wọn.

Nọ́ńbà Ọláwálé wà nísàlẹ̀ ojú ewé. Nígbà tí Alhaji ṣí i tí kò bá èsì kankan mọ́, ó pè é. Lọ́jọ́ Sátidé, olùkọ́ náà gun ọ̀kadà wá sí Mákùn, ó dọ̀bálẹ̀, kò sì tètè dìde.

"Bàbá, mi ò mọ̀ pé Kareemat ti ṣaláìsí. Mo rò pé ó kàn fẹ́ kí tirẹ̀ ṣáà máa wà lókè ni."

"Ṣé àwọn èsì náà kò ṣeé wá rí mọ́?"

"Ohun tá a bá pa rẹ́ níbẹ̀ kì í padà, sà. Omi ló dànù, Bàbá, agbè ò fọ́. Ìpele yẹn ṣì wà."

"Ohun tí wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ tá a sin ín nìyẹn. Dìde, jàre. Ìwọ kọ́ lo ṣẹ̀. Agbọ̀n gbogbo ayé ni mo ń yí bí ẹni pé tèmi nìkan ló wà nínú rẹ̀."

"Mo lè so ó mọ́ òkè, sà, kó má lọ sísàlẹ̀ mọ́."

Alhaji wo fóònù náà pẹ́. "Àwọn yòókù ńkọ́? Ṣé wọn ò ní bàbá ni? Fi í sílẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, tó bá ti kírun Àsárì, á ṣí ojú ewé náà, á máa fi ìka wọ́ ọ lọ. Lójoojúmọ́, á pẹ́ ju ti àná lọ kó tó kàn án. Kò sí èsì kankan lábẹ́ rẹ̀. Kì í gbé e sókè mọ́.

"Báwo ló ṣe jìnnà tó báyìí?" Sàrátù á bi í.

"Ó ti jìnnà."

Á fi fóònù náà sílẹ̀, á sì lọ yí obì.