Bàtà Ẹṣin Tó Bá Ẹsẹ̀ Mi Mu Jù

Ilé wa ní oyè ogun kan tó ti pẹ́ tí kò rí ogun mọ́. Àwọn baba ńlá wa jà fún un. Àwa ọmọ wọn, ìpàdé la ń ṣe fún un. Nígbà tó kàn mí, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, ogun tí mo sì jà rí láyé mi kò ju ti àwọn ọmọ kíláàsì kẹta tí kò fẹ́ ya máàpù lọ. Ṣùgbọ́n ẹbí ní èmi ló kàn. Èmi náà kò bá wọn jiyàn. Àbúrò mi kan wà ní agbo ilé kejì tí ì bá bá wọn jiyàn tayọ̀tayọ̀, torí òun náà fẹ́ oyè náà, ó sì ti sọ fún gbogbo ayé pé bí mo bá kùnà lọ́jọ́ náà, òun ti múra sílẹ̀.

Òfin oyè náà kò pọ̀. Ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ yóò gun ẹṣin láti ojúlé wa dé ààfin, yóò sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, yóò wọlé lọ dọ̀bálẹ̀ fún Kábíyèsí, wọn yóò sì fi ewé akòko sí i létí. Ó gbọ́dọ̀ parí kí oòrùn tó kọjá àárín ọ̀run, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Fọ́tò méjì tí wọ́n ya bàbá mi lọ́jọ́ tirẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀ wa láti kékeré mi. Nínú ọ̀kan, ó wà lórí ẹṣin, ó wọ bàtà aláwọ dúdú tó ga dé orúnkún, tó ń dán bíi dígí. Nínú èkejì, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ọba. Ọgọ́ta ọdún ni mo fi wo fọ́tò méjèèjì. Ká sọ òtítọ́, ọ̀kan ni mo wò.

Bàtà bàbá mi gan-an ni mo kọ́kọ́ wá lọ. Ó wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ki àkísà sí ibi ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Mo rò pé nítorí eku ni, mo bá kó àkísà náà dànù. Bí mo ṣe ní kí n ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, awọ náà fọ́ wómúwómú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìyàwó mi, tó ń pè mí ní Tíṣà láti ọjọ́ tí a ti pàdé, dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Tíṣà, ẹ ti pa bàtà bàbá yín. Ó ku ẹṣin.”

Mo lọ sí Kútọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta bàtà òkìríkà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin kan kí mi dáadáa.

“Daddy, ẹ kú àárọ̀. Irú bàtà wo lẹ fẹ́?”

“Ti ẹṣin ni.”

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Ṣé ẹṣin ló máa wọ̀ ọ́ ni?”

“Èmi ni mo máa wọ̀ ọ́, tí mo bá gun ẹṣin.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ ò tètè ṣàlàyé.” Ó tú ẹrù rẹ̀ títí, ó fa ọ̀kan jáde. Ó ga lóòótọ́, ó sì dúdú, ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bíi pẹ́ńsù. Mo ní ti obìnrin nìyẹn. “Daddy, layé ìsinsìnyí, kò sí ti obìnrin, kò sí ti ọkùnrin mọ́ o.”

Mo sọ fún un pé ó ṣì wà láàfin.

Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé l'Ékòó fi fóònù ra ọ̀kan ránṣẹ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́. Òkè rẹ̀ ló dé agbedeméjì tó ní òun kò lọ mọ́. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi ló dá a dúró. Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ẹni tó bá fi ogójì ọdún gun àwọn òkè Abẹ́òkúta lọ síléèwé lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè rí bíi ti lékeléke. Ó jọ pé lékeléke ni àwọn tó ṣe bàtà náà fi wọ̀n ọ́n.

Ìyàwó mi ní, “Ẹ wọ bàtà òjò tí ẹ fi ń lọ sóko l'Ódèdá. Ẹ fi pólíìṣì pa á. Ta ló máa sún mọ́ yín tó máa mọ̀?”

“Ẹṣin.”

“Ẹṣin ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn sì tètè ń bọ́.”

Inú bí mi. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ oyè, ó ń sọ̀rọ̀ bàtà òjò.

Ní ìkẹyìn, mo rí aránbàtà kan ní Ìbarà, Mùsùlùmí tó mọ iṣẹ́ dójú àmì. Ó ní kí n jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni gun ẹṣin, ó fi téèpù wọn ẹsẹ̀ mi láàárọ̀ kùtùkùtù, níbi méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

“Bàbá, ṣé kí n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀? Ẹsẹ̀ máa ń wú tó bá di ọ̀sán.”

“Ẹsẹ̀ tèmi kì í wú. Mo fẹ́ kó lẹ̀ mọ́ mi bí awọ ara.”

“Síìpù ńkọ́? Kí n fi sẹ́yìn rẹ̀?”

“Bàbá mi kò lo síìpù.”

“Ẹ̀yin lẹ lẹsẹ̀, sà.”

Nígbà tó parí rẹ̀, mo wọ̀ ọ́ jókòó ní pálọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sì gbàgbé pé mo wọ bàtà. Kò ṣò, kò há, kò ta mí níbì kankan. Ìyàwó mi bá mi bọ́ ọ pẹ̀lú páúdà àti àdúrà díẹ̀. Mo gbà pé bí bàtà gidi ṣe ń bọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ náà pé. Ẹṣin tí a yá ṣe jẹ́jẹ́. Àwọn èèyàn ló ń dá wa dúró: ẹni tó fẹ́ kí mi, ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Gbogbo wọn ń yin bàtà. Wákàtí méjì ni ẹsẹ̀ mi fi rọ̀ nínú oòrùn. Mo dé ẹnu ọ̀nà ààfin bí ọba kejì.

Bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà gbé ojú sókè. “O kú oríire o. Bọ́ bàtà.”

Mo rántí fọ́tò kejì, èyí tí bàbá mi ti fẹsẹ̀ lásán dọ̀bálẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé a kì í wọ bàtà dé iwájú ọba. Èmi náà mọ̀ ọ́n, mo tilẹ̀ fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kíláàsì. Gbogbo oṣù tí mo fi wá bàtà, wíwọ̀ ni mo ń rò.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó sórí òkúta. Ìyàwó mi fà, ẹni tó yá wa lẹ́ṣin fà. Bàtà kò mi. Ẹsẹ̀ tí kì í wú ti wú. Àbúrò mi láti agbo ilé kejì dé pẹ̀lú sálúbàtà rẹ̀, ó bọ́ ọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, ó sì fẹsẹ̀ lásán dúró tì mí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sinmi ara yín. Mo lè bá yín wọlé.”

“Bàbá rẹ kò jókòó níbí o,” bàbá arúgbó náà ní. “Ojú mi ló ṣe. Bàtà tiẹ̀ tóbi ju ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ, àkísà ló kì sí i. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bàtà fò dànù.”

Ìyàwó mi wò mí. Àwa méjèèjì rántí àkísà tí mo kó dànù.

Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín ọ̀run. Aránbàtà wà láàárín èrò, torí ó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo ní kó mú ọ̀bẹ wá.

“Bàbá, ẹ má fi mí ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì rán irú rẹ̀ rí.”

“Èmi náà ò tíì wọ irú rẹ̀ rí. Gé e.”

Ó ní “Bìsìmílà,” ó di ojú, ó sì ya á lẹ́yìn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Mo gbọ́ bí ẹsẹ̀ mi ṣe mí. Mo fẹsẹ̀ lásán wọlé, mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì fi ewé sí mi létí. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ nǹkan kan.

Aránbàtà ti fi síìpù sí ojú ibi tó gé. Ó ń sọ kiri Ìbarà pé ọgbọ́n tí òun dá nìyẹn. Bàtà náà ń wọlé, ó ń jáde, kò sì ta mí. Lóko Òdèdá ni mo ń wọ̀ ọ́ nítorí ejò, torí kò sẹ́ni tó tún pè mí gun ẹṣin.

Fọ́tò méjì ni wọ́n ya èmi náà. Nínú ọ̀kan, mo wà lórí ẹṣin, bàtà mi ń dán. Nínú èkejì, mo dọ̀bálẹ̀, àmì pupa tí bàtà fi sílẹ̀ yí orúnkún mi ká. Ìyàwó mi gbé èkejì kọ́ sí ibi tí ẹni tó bá wọlé yóò ti kọ́kọ́ rí i. Ó ní ti àkọ́kọ́ dára, òun kàn ń wá fúrémù tó máa bá a mu ni, kò sì ní kánjú.