Ohun Tí Ìlú Jẹ Lóko Ìyá Mi

Òórùn gbòǹgbò tútù ni mo fi ń rántí àárọ̀ ọjọ́ náà. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn àtíbàbà Bàbá Ṣakí, ó fi ọwọ́ méjèèjì fa ọmọ ọ̀pẹ kan tu, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù, ó sì gbé e sókè bí ẹni tó mú olè. Bàbá Ṣakí rẹ́rìn-ín, pákò lẹ́nu. "Bàbá, ẹyẹ ló sọ ọ́ síbẹ̀, kì í ṣe èmi." Bàbá mi ò gbà. Èmi tí mo gbé agbè omi tẹ̀ lé e náà ò gbà. Ẹyẹ wo ló mọ ẹ̀yìn àtíbàbà tó bẹ́ẹ̀?

Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, Dahomey ni orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́. Wọ́n ti fẹ ọ̀nà Idigny, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ oko wa kọjá, lẹ́yìn yàrà àtijọ́ tó yí Kétu ká. A ní oko mìíràn ní Odomèta, ṣùgbọ́n orúnkún ìyá mi ò lè gbé e débẹ̀. Ẹ̀bá ọ̀nà yìí ló ń gbin ẹ̀wà, ata àti ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ sí. Bí oko yẹn bá lọ, iṣẹ́ àgbẹ̀ ìyá mi ti parí nìyẹn, ọwọ́ ẹlòmíràn la ó sì máa wò ká tó sebẹ̀.

Oníyọ̀ àti elépo òyìnbó ni Bàbá Ṣakí, ó ti òdìkejì ààlà wá. Ó gbé obì wá bẹ bàbá mi fún ibi tí yóò pa àtíbàbà sí. Bàbá mi fún un, ó sì ka èèwọ̀ ilẹ̀ fún un bí wọ́n ṣe ń kà á fún gbogbo àlejò: kó gbin àgbàdo bó bá wù ú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin igi. Igi a máa pẹ́ ju ẹni tó gbìn ín lọ, ẹni tó bá sì ní igi yóò ní òun ló nilẹ̀. "Ìfura loògùn àgbà," bàbá mi a wí bó bá ti mu ẹ̀kọ rẹ̀ tán, a ó sì gbéra. Gbogbo ọjọ́ ọjà la máa ń yí àtíbàbà náà ká, tí à ń ya àgbàdo, tí à ń fi àdá tú koríko wò. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ ọ́n ṣe jù ú lọ. Koríko lásán pàápàá, mo ń fura sí i.

Ibi tí a ti ń wo ewé ni kàmíọ̀n akẹ́rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúró níwájú àtíbàbà. Ẹni tó bọ́ sílẹ̀ nínú kàmíọ̀n, ebi ń pa á. Obìnrin kan wá ń din iṣu fún wọn. Alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́ dé, aránṣọ tẹ̀ lé e. Kálukú gbé obì wá, kálukú búra pé òun ò ní gbin igi. "Àtíbàbà ò ní gbòǹgbò," bàbá mi ní, ó sì gbà wọ́n. Ìyá mi dá odó gígún dúró lọ́jọ́ kan. "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, igi lẹ ń ṣọ́. Igi ò bímọ níbẹ̀ o, èèyàn ló ń bímọ. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà." Bàbá mi mú àdá, ó tún jáde lọ wo koríko.

Nílé ìwé, olùkọ́ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Àjàṣẹ́, fi Faransé sọ fún wa pé ìlú wa ń dàgbà, ó ní ká pàtẹ́wọ́. A pa á. Mo sáré lọ sọ ọ́ nílé. Bàbá mi ń fọ ẹsẹ̀ oko lọ́wọ́. "Ohun tó bá ń dàgbà ń jẹun. Lọ bi olùkọ́ rẹ pé kí ni ìlú ń jẹ." N kò jẹ́ bi í, ẹ̀rù pàṣán ń bà mí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fura sí olùkọ́ pàápàá.

Òjò ọdún kan ba ẹní ara àtíbàbà jẹ́, wọ́n fi amọ̀ rọ́pò rẹ̀. Òjò kejì, páànù dé orí. Ìyàwó Bàbá Ṣakí bímọ, ìyá Bàbá Ṣakí sì wá láti ìlú wọn láti máa wẹ ọmọ. Ọyẹ́ dé, ikọ́ mú ìyá àgbà náà, ó kú síbẹ̀. Inú yàrá ni wọ́n sin ín sí, bí àwa náà ṣe ń sin ìyá tiwa.

Bàbá mi gbọ́, ó fa àdá yọ, mo tẹ̀ lé e. Bàbá Ṣakí dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Níbo ni ǹ bá gbé ìyá mi lọ?" Bàbá mi dúró. Ó mọ ohun tí wọ́n ń fi ọmọ ọ̀pẹ ṣe: fífà tu ni. A kì í hú òkú. Ó gbé àdá sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ kú ìsìnkú, ẹ kú àṣẹ̀yìndè." Nígbà tí à ń padà bọ̀, kò wo inú àgbàdo rárá. "Ó ti gbìn ín," ló wí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbé obì wá mọ́ kó tó kọ́lé. Kí n tó jáde nílé ìwé, ẹ̀wà ìyá mi ò ní ibi tí yóò hù sí. Ìloro ló ń jókòó sí, tó ń bá àwọn ẹlòmíràn pa ẹ̀pà. Ó dùn mí nígbà náà, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Kútọnu ni mò ń gbé báyìí. Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, mo rìn dé ibẹ̀. Bíríkì ni gbogbo rẹ̀, gúdúrọ́ọ̀nù, ọ̀dà dúdú ojú ọ̀nà, ti gba àárín rẹ̀ kọjá. Mo dúró níwájú géètì kan, mo ń wá ibi tí ebè ata ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan yọjú, ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀. "Ìyá, ta lẹ ń wá níbí?"

Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà ì bá ti la ohùn: oko ìyá mi nìyí, ìwọ ni kí o wí ẹni tí ò ń wá. Àgbà tí mo dà ní, "Mo ṣìnà ni, ìyá mi." Ó dúró sẹ́nu géètì rẹ̀, ó ń ṣọ́ mi títí mo fi lọ.