Kì í Ṣe Ìkúnlẹ̀ Alhaja Ló Ba Fáìlì Jẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Ọ̀yọ́ fún yín. Inú ṣì ń bí mi!

Àdúgbò Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé, iṣẹ́ Java, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni mo ń ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀yọ́ ní kí n wá wo ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tọ́jú fáìlì akẹ́kọ̀ọ́. Ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Engineer ló kọ ọ́. Engineer! Káàdì tó gbé kọ́rùn nìkan ló fi jọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rèé. Alhaja, akọ̀wé àgbà níbẹ̀, ṣí fáìlì akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fi iléèwé sílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti lọ, wọ́n tẹ Save. Ṣùgbọ́n inú fáìlì ọmọbìnrin mìíràn ni kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sí, ọmọ tó ń múra ìdánwò àṣekágbá! Ni Registrar, ọ̀gá wọn, bá fún Alhaja ní query, ìwé pé kí wọ́n wá wí tẹnu wọn. Iṣẹ́ ogún ọdún fẹ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ṣé ẹ mọ ohun tí Engineer sọ? Ó ní ìkúnlẹ̀ ló fà á! Pé bí àgbà bá ti wọlé, Alhaja á fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á kúnlẹ̀ kí i, wọ́n á sì gbàgbé fáìlì ẹni tí wọ́n ṣí. Ó ní kí Registrar fòfin de ìkúnlẹ̀ nínú ọ́fíìsì. Ní Ọ̀yọ́ níbí o!

Mo ṣí code rẹ̀, àṣẹ tó kọ fún kọ̀ǹpútà, wò. Yéè! Ó kó gbogbo nǹkan sínú application scope, ìyẹn ni pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ni gbogbo ọ́fíìsì jọ ń lò. Dialog, fèrèsé kékeré tó máa ń yọ lójú kọ̀ǹpútà tí èèyàn bá fẹ́ tún fáìlì ṣe, kò mọ ẹni tó ṣí òun. Bí Alhaja bá wà lórí ìkúnlẹ̀, tí Ọ̀gbẹ́ni Délé tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì ṣí fáìlì mìíràn lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, fáìlì tí Délé ṣí ló máa rọ́pò ti Alhaja lábẹ́lẹ̀. Ojú fèrèsé Alhaja kò sì ní yí padà rárá. Ẹni tó ń kọ́ Java lóṣù kìíní kò ní ṣe irú ìranù yìí!

Mo bẹ Registrar kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i. A fi fáìlì àdánwò méjì síbẹ̀. Alhaja ṣí ọ̀kan. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kí Registrar bí ẹ ṣe máa ń kí wọn.” Wọ́n kọ́kọ́ wo apá ibi tí Engineer dúró sí, kí wọ́n tó rọra kúnlẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà.”

Délé ṣí fáìlì kejì. Alhaja dìde, wọ́n kọ ọ́ sí fáìlì tiwọn pé akẹ́kọ̀ọ́ náà ti lọ, wọ́n tẹ Save. Fáìlì ti Délé ló yí padà!

Engineer ní bóyá network ni. Network! Registrar ya query náà, wọ́n sì ní kí a dá orúkọ ọmọbìnrin tó ń múra ìdánwò náà padà lójú ẹsẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tún un ṣe. Mo gbé e sí view scope, kí fèrèsé kọ̀ọ̀kan máa mú nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ dání.

Ẹ̀yin tó ń kọ code, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ yín dáadáa kí ẹ tó dá ẹni tó ń lò ó lẹ́bi. Irú àwọn Engineer yìí pọ̀ nílùú, ta ni wọ́n ti di ẹ̀bi wọn rù níbi iṣẹ́ tiyín? Ẹ sọ ọ́ fún wa, ẹ má fi bò.

Ní tèmi, ohun tí Alhaja sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà ni kò jẹ́ kí n lè dárí ji ọkùnrin náà. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí query ti dé, orí ìdúró làwọn ti ń kí àgbà, àwọn kì í kúnlẹ̀ mọ́, ojú sì ń ti àwọn débi pé àwọn kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.