Ògiri Onílé Di Aláró

Bàbá onílé ti búra pé bí omi aró bá tún wọ gọ́tà òun, aláró yóò kó jáde. Aláró bá lọ gba eérú níléeṣẹ́ irin. Ó fi ásíìdì fọ̀ ọ́, ó sá a gbẹ, ó sì ń fi í sẹ́ omi aró. Omi mọ́ gaara.

"Bàbá onílé, ẹ wá ẹjọ́ mìíràn rò!"

"Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? Wo ògiri mi!"

Ìdí ògiri funfun yẹn ni aláró ń da eérú tó ti fa aró mu sí. Òjò sì ti ta aró sí i lára. Ẹni tó yọ aró nínú omi kò tíì pa aró. Ó kàn gbé e síbòmíràn ni.

Kílẹ̀ tó ṣú, ìkòkò aró ti wà níta.