Ìka Ìfábẹ̀lá Fádípẹ̀

Ọjọ́ Ìkórè ọdún 1953 ni gbogbo Ìlá mọ irú ẹni tí Fádípẹ̀ mẹkáníìkì jẹ́. Ọkọ̀ àlejò pàtàkì tó wá ṣe alága ló ń yọ èéfín funfun lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì bí ìkòkò iṣu. Omi ń kán tó, tó, lábẹ́ rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà àlejò ti ká ọwọ́ lérí, ó ní ẹ́ńjìnnì ti kú. Ni Fádípẹ̀ bá dìde láàárín ìjọ, nínú agbádá funfun tí Dinah ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó jáde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀, ó sì ti orí bọ abẹ́ ọkọ̀.

Àwọn kan ṣì ń sọ ọ́ pé ó mu omi náà. Irọ́ ni. Kò mu ún. Ìka ìfábẹ̀lá ló fi gba ẹ̀kán kan ṣoṣo. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó tutù, ó fi í sórí ahọ́n, ó sì dijú bí ẹni tó ń gbàdúrà.

"Yéè! Ẹ gbà wá o!" Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún ló figbe ta lójú fèrèsé. "Ó ń lá omi mọ́tò!"

Orin dá mọ́ ìjọ lẹ́nu. Ẹni tó ń tẹ dùùrù pàápàá gbé ọwọ́ sókè, kò rántí sọ ọ́ kalẹ̀.

"Gíríìsì wà nínú ẹ̀," ni Fádípẹ̀ wí láti abẹ́ ọkọ̀. "Omi tó bá jò láti ara rédíétọ̀ kì í ní gíríìsì. Pọ́ńpù tó ń ti omi kiri inú ẹ́ńjìnnì ló ń jò. Kò kú o. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́."

Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Kí ìkórè tó parí, ọkọ̀ ti ń dún kíkankíkan. Àlejò dúpẹ́ dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ẹni tí ojú tì jù ni Dinah. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ni, obìnrin tí kì í jẹ ẹ̀pà lójú ọ̀nà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó, inú àwo kan ṣoṣo ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń jẹun. Bí wọ́n ṣe délé, ó gbé àwo kejì kalẹ̀.

"Bàbá Adéníran, láti òní lọ, àwo yín lọ́tọ̀, ife yín lọ́tọ̀. Èmi ò lè bá ẹnu tó lá mọ́tò jẹun."

"Ìyá Adéníran, omi kànga mà ni. Mọ́tò kàn gbé e rìn díẹ̀ ni."

Dinah ò rẹ́rìn-ín. Ó ra ife tánganran kan fún un, ó sì kọ́ ọ sórí ìṣó lọ́tọ̀ lára ògiri. Lójoojúmọ́ ni Fádípẹ̀ ń béèrè bóyá Dinah ti dárí ji òun.

"Ṣé ẹ ti jáwọ́?" Dinah á bi í.

"N ò tíì jáwọ́."

"Ó dáa. Ẹ gba àwo yín."

Kò lè jáwọ́, nítorí ó ní omi mọ́tò kì í purọ́ bí onímọ́tò. Ìtọ́wò mẹ́ta ló mọ̀. Tó bá ta ẹnu bí ìṣó tó ti dípẹtà, rédíétọ̀ ti gbó. Tó bá ní gíríìsì, pọ́ńpù ni. Tó bá ní ọ́ìlì dúdú, gásíkẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí omi àti ọ́ìlì dàpọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì ti jóná, kí onímọ́tò kọ́kọ́ wá ibi jókòó sí.

Ọláyọdé, tó ń wa lọ́rì, sáré wá bá a lọ́jọ́ kan. "Bàbá, lọ́rì mi ń jò láti àná, omi rédíétọ̀ ò sì dín rárá! Ẹ̀rù ń bà mí o." Fádípẹ̀ wọ abẹ́ lọ́rì. Ó tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò. Àwọn èèyàn ti pé lé wọn lórí. Ó jáde, ó gbọn erùpẹ̀ nù, ojú rẹ̀ le bí ojú adájọ́. "Ọláyọdé, kò sóhun tó ṣe lọ́rì rẹ. Lọ so ewúrẹ́ ìyá rẹ mọ́lẹ̀."

Nínú ilé pàápàá, ahọ́n yẹn ò sinmi. Ó tọ́ ọbẹ̀ wò lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "Ìyá Adéníran, eérú wà nínú ọbẹ̀ yìí. Ìkòkò yín ń jò." Inú bí Dinah. Ó dojú ìkòkò délẹ̀ níwájú rẹ̀ kó lè dójú tì í. Ìkòkò sán nísàlẹ̀ lóòótọ́, tín-ín-rín bí irun orí. Ọjọ́ mẹ́ta ni Dinah ò fi bá a sọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1958, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Fádípẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Ìlẹ́ṣà, ibẹ̀ ló sì kú sí láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan. Ohun kan ṣoṣo ló ti bẹ ìyàwó rẹ̀: kí wọ́n sin òun sílé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí òun ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Dinah ṣèlérí. Lọ́rì Ọláyọdé ló gbé pósí. Wọ́n ti gbẹ́ sàréè sílẹ̀ ní Ìlá, aago mẹ́rin ni ìsìn.

Lórí òkè Ìgbájọ, lọ́rì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èéfín.

Ọláyọdé yẹ̀ ẹ́ wò títí. "Gásíkẹ́ẹ̀tì ló jóná. Ó parí nìyẹn."

Oyèwọlé, ẹ̀gbọ́n olóògbé, wo oòrùn. "Ìyá Adéníran, òkú ò lè dúró nínú ooru yìí. Ẹ jẹ́ ká sin ín sí Ìgbájọ níbí."

Dinah sọ̀ kalẹ̀. Ó di ìró aṣọ dúdú rẹ̀ le, ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀, ó sì na ìka ìfábẹ̀lá sábẹ́ lọ́rì.

"Màmá! Kí lẹ fẹ́ ṣe?" Ọláyọdé figbe ta.

Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó fi í sórí ahọ́n. Ó dijú.

"Kò ní ọ́ìlì," ló wí. "Gíríìsì ni. Pọ́ńpù ló ń jò, Ọláyọdé. Bàbá Adéníran máa ń di òwú mọ́ ọn, wọ́n á fi ọṣẹ ra á, wọ́n á wá fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le."

Ó fa òwú yọ létí ìborùn rẹ̀. Ó mú ọṣẹ tó kù nínú èyí tó fi wẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ nílé ìwòsàn jáde nínú àpótí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, Ọláyọdé di òwú náà mọ́ pọ́ńpù, ife tánganran Fádípẹ̀ tí wọ́n gbé lọ sílé ìwòsàn ni wọ́n sì fi bu omi kún rédíétọ̀, ìgbà lórí ìgbà. Omi ò kán mọ́.

Oyèwọlé bu omi tó mọ́ wá fún un. "Fi fọ ẹnu rẹ, kó o tu ú dànù."

"Kí ni mo fẹ́ tu dànù?" Dinah wí. "Omi kànga mà ni. Mọ́tò kàn gbé e rìn díẹ̀ ni."

Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Òun náà ló kọ́kọ́ sunkún.

Aago mẹ́rin ku díẹ̀ ni lọ́rì wọ Ìlá, wọ́n sì sin Fádípẹ̀ síbi tó fẹ́. Ife tánganran náà ò padà sórí ìṣó mọ́. Òun ni Dinah fi ń mu omi títí tí ìdí rẹ̀ fi lu. Ahọ́n Dinah fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ife náà ti ń jò.