Òtútù Ń Mú Igi Ọdán Bàámi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí kalẹ̀ díẹ̀, kí n fẹnu ara mi ro ẹjọ́ ara mi fún yín. Ọ̀rọ̀ náà ti lé lọ́dún mẹ́rin, ṣùgbọ́n tí mo bá rántí rẹ̀, màá rẹ́rìn-ín, màá sì tún fọwọ́ bojú.

Mo lóyún àkọ́kọ́ mi nígbà yẹn. Èmi àti Dèjì ọkọ mi ń gbé ní Newton Heath, ní ìlú Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé tó so mọ́ra wọn gbọọrọ yẹn. Ìyá mi ti kú, Bàámi nìkan ló kù. Mo ti pinnu pé Bàámi ni yóò gbé ọmọ yìí lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Mo wá físà fún un, ó bọ́ sí i, ó sì gúnlẹ̀ sí Manchester nínú oṣù kẹwàá. Oṣù kejì ni ọmọ ń bọ̀. Oṣù mẹ́rin péré ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ bàbá mi!

Ẹ gbọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé tí Bàámi fi ní òun fẹ́ máa lọ sílé.

Ó kọ́kọ́ ní àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ní ìpàdé, òun sì ni akọ̀wé wọn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó di pé ewúrẹ́ òun kò rí ẹni tọ́jú rẹ̀. Ewúrẹ́! Ewúrẹ́ kan ṣoṣo ni Bàámi ní, àbúrò rẹ̀ ló sì ń fún un lóúnjẹ láti ọjọ́ tó ti rà á. Mo bẹ̀ ẹ́, Dèjì bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́, òun á rò ó. Ẹni tó bá mọ Bàámi yóò mọ̀ pé tó bá ti ní òun á rò ó, ó ti di ẹrù rẹ̀ tán.

Ibi tí ọdán ti wọ ọ̀rọ̀ rèé. Igi ọdán kan wà níwájú ilé wa ní Abẹ́òkúta tó dàgbà ju Bàámi fúnra rẹ̀ lọ. Abẹ́ rẹ̀ ló ti ń gbatẹ́gùn, abẹ́ rẹ̀ ló ti ń ka ìwé ìròyìn. Kí ó tó dé ni mo ti rò ó pé, tó bá bá ọdán nílẹ̀ yìí, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Mo bá ra irúgbìn rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Banyan ni ẹni tó tà á ń pè é, ó ní India ló ti wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí àwòrán rẹ̀, tí gbòǹgbò ń já wálẹ̀ lára ẹ̀ka bí irùngbọ̀n, mo ní ọdán kúkú ni, orúkọ ló yàtọ̀.

Hóró rẹ̀ kéré bí aṣáà. Èmi ọlọ́gbọ́n, ọwọ́ àgbàdo ni mo fi mú un! Mo fi ìka tì í wọnú ilẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò kan dáadáa, mo bò ó, mo bomi rin ín bí ẹni ń bomi rin ẹ̀fọ́, mo gbé e sójú fèrèsé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kò sí nǹkan kan. Olú funfun kékeré kan ló yọ, Dèjì sì ń bi mí bóyá ó tó ọbẹ̀ sè.

Lọ́jọ́ kan, Bàámi bi mí ohun tó wà nínú ìkòkò náà. Mo sọ fún un. Ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ pé wọ́n ń sin ọdán?" ó ní. "Ẹyẹ ló ń gbin ọdán. Ẹyẹ kì í sì í gbé ọkọ́."

Ojú tì mí. Ṣebí níwájú igi yẹn ni mo dàgbà sí? Gbogbo ìgbà ni mo ń rí ọdán kéékèèké tó ń hù lára ògiri àti lára ọ̀pẹ. Ẹyẹ jẹ èso, ó yàgbẹ́ sí i, ó parí. Ta ló sin ín?

Bí Bàámi ṣe gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ó rọ ilẹ̀pẹ̀ sínú ike áìsìkiriìmù, ó wọ́n hóró tó kù sórí rẹ̀ bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀, kò bò ó rárá. Ó fi láílọ́ọ̀nù funfun bo ẹnu ike náà kí omi má baà gbẹ. Ó ka ìwé tó bá irúgbìn wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó wá sọ fún mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé ìwé ní igi yìí kò fẹ́ òtútù, bóyá kí a jẹ́ kí hítà tó ń mú ilé gbóná máa ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Wákàtí kan láàárọ̀, wákàtí kan nírọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a ṣètò hítà ilé wa láti ìgbà tó jẹ́ àwa méjì péré. Àwa méjèèjì ń lọ síbi iṣẹ́, ta ló fẹ́ máa yá a nínú ilé òfìfo? Oyún sì ń mú kí ooru máa mú mi, fèrèsé ni mo tún máa ń ṣí! Àràárọ̀ ni mo ń kúnlẹ̀ kí Bàámi, tí mo ń bi í pé ṣé ara le. Á ní ara òun le, a dúpẹ́. Màá ti sá lọ síbi iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n nítorí igi, mo tan hítà. Bàámi gbé ike náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin hítà tó wà lára ògiri, ó gbé àga tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ike. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ dópin. Nígbà tí mo dọ́gbọ́n bi í nípa ìrìn àjò, ó ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀ ná, èèyàn kì í gbin nǹkan kó fi í sílẹ̀ lọ.

Arábìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa tilẹ̀ wá kí wa. Bó ṣe gbọ́ pé ọdán ni, ó fà sẹ́yìn, ó ní ṣé kì í ṣe abẹ́ ọdán ni àwọn ayé ti ń ṣèpàdé? Bàámi ní kó fọkàn balẹ̀, pé kí èyí tó ní abẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè jókòó sí, gbogbo àwa tí a wà níbí á ti dé ọ̀run.

Nínú oṣù kejìlá, igi méje hù, wọ́n kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ wá wo ijó! Nígbà tó di oṣù kìíní, wọ́n ti ní ewé mẹ́rin mẹ́rin. Èmi náà wá ka ìwé. Ìwé ní ó tó àkókò láti ṣí láílọ́ọ̀nù, kí a gbé wọn síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, pé wọn kò nílò ooru púpọ̀ mọ́. Mo gbé ike lọ sójú fèrèsé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo sì dá hítà padà sí wákàtí méjì rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàámi ní òtútù ń mú igi. Mo fi ìwé hàn án, ó ní ó dáa. Lọ́jọ́ kejì, ewúrẹ́ padà dé.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ń ṣiṣẹ́, ní Openshaw. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ń ṣe láràárọ̀ ni pé mo ń di àwọn arúgbó lọ́wọ́ mú, kí n mọ̀ bóyá òtútù ń mú wọn. Lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ̀yìn ń dùn mí, wọ́n ní kí n tètè máa lọ sílé. Mo wọlé, mo bá Bàámi ní pálọ̀ pẹ̀lú kóòtù àti fìlà, ó jókòó ti irin hítà tí kò gbóná. Igi wà lókè. Kí ló wá ń ṣọ́ níbẹ̀?

Mo kúnlẹ̀ kí i bí ìṣe wa. Ẹ̀yin ará, n kò mọ ohun tó sún mi, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Láti kékeré ni mo ti ń kúnlẹ̀ fún bàbá yìí, n kò rántí ìgbà tí mo dì í lọ́wọ́ mú gbẹ̀yìn. Ọwọ́ náà tutù bí omi inú àmù.

"Bàámi, ṣé igi ni òtútù ń mú ni, àbí ẹ̀yin?"

"Ilé àna ni mo wà, ọmọ mi," ó ní. "Ta ló ń dé ilé àna tí yóò ní ilé náà tutù? Igi lè sọ ọ́."

Mo sunkún bí ọmọdé. Èmi tí mo ń fọwọ́ kan gbogbo arúgbó Openshaw! Nígbà tí Dèjì dé tó gbọ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ní kí Bàámi dárí ji àwọn. Hítà kò sì kú mọ́ lọ́sàn-án títí Bàámi fi lọ nínú oṣù kẹrin. Bàámi ló gbé ọmọ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì tó fún un.

Nínú igi méje yẹn, ọ̀kan ló kù. Inú pálọ̀ ló ń gbé, nítorí òtútù ìta á pa á, ó sì ti ga ju Àbẹ̀kẹ́ lọ. Ọjọ́ Ìsinmi gbogbo ni Bàámi ń pè, tó ń béèrè bóyá òtútù kò mú igi. Èmi náà á béèrè ewúrẹ́. Lóṣù tó kọjá, ó ní ewúrẹ́ wà dáadáa, ó kàn jẹ́ pé ojú ń dùn ún díẹ̀ tó bá ń kàwé alẹ́ ni.

Mo ti fi oògùn ojú ránṣẹ́!

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Èmi jẹ́ kí ààbọ̀ wà ní ààbọ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni àwọn òbí yín fi ń pa òwe fún yín tí ẹ kò tètè mọ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí a jọ kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n tí bàbá tàbí ìyá yín bá wà nílé lọ́dọ̀ yín báyìí, ẹ kọ́kọ́ lọ fọwọ́ kan ọwọ́ wọn ná.