Abẹ Tó Bá Ojú Múfú Mu

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ ní Múṣìn láti kọ́ṣẹ́, wọn ò fún mi ní ìgbálẹ̀, wọn ò sì rán mi lómi. Abẹ mẹ́ta ni wọ́n tẹ́ sórí táwẹ́ẹ̀lì funfun kan, wọ́n ní kí n mú èyí tó wù mí. Mo mú èyí tó tóbi jù. Ó ń dán bíi dígí, ó sì wúwo lọ́wọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ràmátù, ṣé abẹ́ imú èèyàn lo fẹ́ fi èyí fá, àbí igi ìdáná lo fẹ́ là?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú ń tì mí. Múṣìn ni wọ́n bí mi sí, Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn òbí mi ti wá. Irun dídì ni gbogbo ilé rò pé màá kọ́. Nígbà tí mo ní iṣẹ́ gbàjámọ̀ ló wù mí, ìyá mi figbe ta. Wọ́n ní ọkùnrin wo ni yóò gbé ọ̀fun sókè fún obìnrin tó mú abẹ lọ́wọ́? Bàbá mi ló gbà mí sílẹ̀. Wọ́n ní onígbàjámọ̀ ni bàbá tó bí àwọn, bóyá ẹ̀jẹ̀ ìdílé ló ń pè mí.

Abẹ tí mò ń wí yìí kì í ṣe abẹ fẹ́lẹ́ inú páálí. Abẹ onígbàjámọ̀ ni, irin gígùn tó ń ká wọ inú èkù rẹ̀, tí a máa ń pọ́n lórí òkúta, tí a ó sì fà síwá sẹ́yìn lórí awọ màlúù kó tó kan ara èèyàn. Ìbú irin náà, láti ẹ̀yìn rẹ̀ dé ẹnu rẹ̀, la fi ń mọ ìwọ̀n rẹ̀. Wọ́n pín ínṣì kan sí ọ̀nà mẹ́jọ. Abẹ tí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́rin nínú mẹ́jọ yẹn, Mẹ́rin là ń pè é. Bẹ́ẹ̀ náà la ní Márùn-ún, Mẹ́fà àti Méje. Méje ni mo gbá mú lọ́jọ́ yẹn.

Méje kì í ṣe abẹ burúkú o. Ó wúwo, wíwúwo rẹ̀ gan-an ló ń báni ṣiṣẹ́. Irun tó le bíi wáyà, orí tí wọ́n fẹ́ fá kodoro, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó tẹ́jú, á kọjá lórí wọn bí ẹni ń gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ̀ jù fún kọ̀rọ̀, ó ń bo ibi tí o fẹ́ fá mọ́ ọ lójú. Mẹ́rin ní tiẹ̀ fúyẹ́, kò síbi tí kò lè wọ̀. Àmọ́ kò fẹ́ ìkánjú. Bí irun bá ti le jù, tí o sì fẹ́ fi agbára tì í, ẹ̀jẹ̀ lo máa rí. Márùn-ún àti Mẹ́fà ló wà láàárín, àwọn la fi ń fá ọ̀pọ̀ èèyàn.

"Ìka tó tọ́ símú la fi ń romú," Bàbá máa ń wí. "Ojú kọ́sítọ́mà ni kó yan abẹ fún ẹ, kì í ṣe ojú tìẹ."

Bàlúùnù tí wọ́n fi ń ṣe ọjọ́ ìbí ọmọdé ni mo fi kọ́ ọwọ́. Màá fẹ́ ẹ, màá fi ìfófó ọṣẹ kùn ún, màá wá máa fá ọṣẹ náà kúrò láì jẹ́ kó bẹ́. Ó bẹ́ títí ó sú mi. Ìyá oníbúrẹ́dì tó wà lódìkejì títì a máa pariwo wọlé pé, "Ràmátù, o tún ti pa ẹnì kan!" Ọjọ́ tí mo fá bàlúùnù kan tán tí kò bẹ́, mo gbé e jáde fún un wò bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó fún mi ní búrẹ́dì.

Nígbà tí ara Bàbá ń fẹ́ ìsinmi, wọ́n padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì fi àwọn abẹ wọn jìn mí. Mo gba ṣọ́ọ̀bù ní Àgùdà, ní Surúlérè. Kílípà wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọ ìwòyí, àmọ́ abẹ ló sọ mí di ẹni mímọ̀. Mo máa ń fọ̀ ọ́, màá sì fi sípírítì nù ún lójú kọ́sítọ́mà kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Síbẹ̀, àwọn kan á rí mi, wọ́n á dìde. Ọkùnrin kan tiẹ̀ bi mí pé, "Madam, ọ̀gá tó ń fárùngbọ̀n ńkọ́?" Mo ní, "Ó ń bọ̀, ó ń wá ìbọ̀wọ́ ẹ̀." Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo ní, "Ó ti dé." Ó bú sẹ́rìn-ín, ó jókòó. Títí dòní, kì í gbé ojú rẹ̀ fún ẹlòmíì.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Múfú wọlé. Ẹgbẹ́ mi ni, bí kò bá fi díẹ̀ jù mí lọ. Irùngbọ̀n rẹ̀ bo gbogbo ìsàlẹ̀ ojú, ó tún wálẹ̀ sí àyà.

"Àǹtí, ẹ bá mi fá gbogbo ẹ̀ kúrò."

Mo ti ọwọ́ bọ irùngbọ̀n náà láti mọ bí awọ ara ṣe rí lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi kan àpá. Ọ̀kan wú sókè bí okùn, láti ìsàlẹ̀ etí ọ̀tún dé àgbọ̀n. Òmíràn dábùú abẹ́ ètè. Mo yọwọ́.

Ó ní awakọ̀ ni òun, ní Jíbówú lòun ti ń gbé èrò lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ọjọ́ kan ni gíláàsì iwájú ọkọ̀ fọ́ sí òun lójú. Nígbà tí ojú náà jiná, bárbà kan gbìyànjú láti fá a, ó gé orí àpá, ẹ̀jẹ̀ bo aṣọ. Láti ìgbà náà ló ti jẹ́ kí irun bo ojú.

"Kí ló wá dé tí ẹ fẹ́ fá a báyìí?"

Ó ń wo ilẹ̀.

"Ìyá mi ò mọ̀ mí mọ́. Ogbó ti dé, ìgbàgbé ti bá a dé. Wọ́n mọ̀ pé àwọn bí Múfútáù, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí ìgbà tó máa dé. Bí mo bá ní èmi nìyí, wọ́n á ní Múfú tàwọn ò nírùngbọ̀n. Láàárọ̀ yìí mo gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọn ò jẹ ẹ́. Wọ́n ní àwọn kì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ àjèjì."

Àwọn kọ́sítọ́mà tó jókòó yíjú sí wa. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Mo sọ fún un pé, "Mi ò lè ṣèlérí pé Màmá á mọ̀ yín. Ojú yín nìkan ni mo lè bá yín wá jáde."

"Ẹ wá a jáde," ó wí.

Mo fi àlùmọ́gàjí gé irun náà kúrú. Mo fi táwẹ́ẹ̀lì olómi gbígbóná bo ojú rẹ̀ títí irun fi rọ̀, mo fi òróró pa á, mo wá fọṣẹ sí i. Ó na ìka sí Méje lórí tábìlì.

"Ńlá yẹn ni kí ẹ lò. Irùngbọ̀n mi le."

Òótọ́ ni, ó le. Ṣùgbọ́n bí Méje bá dé ibi àpá, ó máa gun orí rẹ̀ kí n tó rí i, ohun tó ṣẹlẹ̀ níjọ́sí á tún ṣẹlẹ̀. Bí mo bá sì fi Mẹ́rin bẹ̀rẹ̀, irun líle á máa fà á, awọ ara á ti pọ́n kí n tó débi tó ṣòro. Mo wo ojú náà bí awakọ̀ ṣe ń wo títì tó kún fún kòtò. Mo mú Mẹ́fà. Òun ni mo fi kó irun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọrùn, ibi tó tẹ́jú, mo sì fi ààyè sílẹ̀ yí àwọn àpá ká. Lẹ́yìn náà ni mo gbé e sílẹ̀, mo mú Mẹ́rin.

Múfú di ọwọ́ àga mú. Mo fi ìka fa awọ ara le, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀gbẹ́ àpá gígùn náà lọ, díẹ̀ díẹ̀, láì dábùú rẹ̀. Mo ní kó mí, torí mo rí i pé kò mí mọ́.

"Èmi ló yẹ kí n máa wakọ̀," ó rọra wí, "ẹ wá fi mí sípò èrò."

"Èrò kì í bá awakọ̀ sọ̀rọ̀," mo dá a lóhùn.

Abẹ́ ètè ló le jù. Irun hù sáàárín àpá náà àti etí ẹnu, ibẹ̀ há gádígádí. Ṣóńṣó orí Mẹ́rin nìkan ni mo lò. Mo ń gbọ́ ọkàn ara mi ju jẹnẹrétọ̀ ìta lọ. Nígbà tí mo nu ọṣẹ tó kẹ́yìn kúrò, funfun ni táwẹ́ẹ̀lì náà ṣì wà. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan. Àwọn kọ́sítọ́mà tó jókòó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

Múfú gba dígí. Ó wo ara rẹ̀ pẹ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kálọ sílé. Mi ò lè dá lọ."

Àdúgbò kejì ni. Màmá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Múfú dọ̀bálẹ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n gbójú kúrò, wọ́n tún wò ó. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi ìka tọ àpá náà láti etí dé àgbọ̀n.

"Kí ló ṣe ẹ́ lójú?"

"Gíláàsì ọkọ̀ ni, Màámi."

"Ṣé mi ò ti ní kí o yéé sáré?" Ohùn wọn le. "O ò gbọ́ràn rí, Múfútáù. Ibo lo ti wà látàárọ̀? Gbé oúnjẹ wá ká jẹun."

Ọkùnrin gìrìpá yẹn gbórí lé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò lè mú un mọ́ra. Bí mo ṣe ń padà sí ṣọ́ọ̀bù, ijó ni mò ń jó lójú títì, àwọn èèyàn ń wò mí.

Ní báyìí, kò sí ọjọ́ Jímọ̀ tí Múfú kì í wá fárùngbọ̀n kó tó lọ kírun. Ó ní àwọn ọjọ́ tí Màmá tún máa ń gbàgbé. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, á jókòó tì wọ́n, á gbé ọwọ́ wọn lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, á sì ní sùúrù títí wọ́n á fi pe orúkọ rẹ̀.

Mo ti fá ọkọ ìyàwó, mo ti fá àwọn tó fẹ́ lọ jẹ oyè. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo fi abẹ ṣe láyé, màá ní mo fi wá ọmọ rí fún ìyá rẹ̀.